Ti ọmọdé ni

Ọ̀rọ̀ tí ará ibi iṣẹ́ mi kan sọ nípa ṣokoléètì tí mo rà ò tíì kúrò létí mi. "Ó dùn jù, ti ọmọdé ni." Kò tiẹ̀ bá mi wí o, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́, ó wá dá èyí tó kù padà sínú páálí.

A dágbére fún ẹnì kan tó ń kúrò níbi iṣẹ́ wa lónìí, mo délé, ó ti rẹ̀ mí. Ìyẹn náà nìyẹn.

Èmi ni mo ra ṣokoléètì yẹn. Mo fara balẹ̀ rà á pàápàá. Lójú tèmi, ojúlówó ni èyí tí mílíìkì ẹ̀ pọ̀, tó ń yọ́ kó tó kan eyín, tí wọ́n wá fi bébà góòlù wé. Ohun tí ahọ́n mi mọ̀ nìyẹn. Òun tó sọ̀rọ̀ yẹn, Faransé ló dàgbà sí, dúdú ló ń wá, tí kòkó ẹ̀ tó 70% lọ sókè, kó korò, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ká kòkó náà sára ẹ̀, ó ní ṣúgà ni wọ́n fi ń bo kòkó tí ò dáa mọ́lẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Àmọ́ kí ló wá kan ọmọdé níbẹ̀?

Ọmọ Japan tó ń jókòó létí fèrèsé ò tiẹ̀ jẹ tiẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i wò, ó fìka tọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ bébà náà, ó rọra fi í sápò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ní 14 February, obìnrin ló ń fún ọkùnrin ní ṣokoléètì, wọ́n ní giri fún ọ̀gá àti ará ibi iṣẹ́, torí ó yẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní honmei fún ẹni tọ́kàn ń fẹ́, ti honmei yìí ni wọ́n máa ń wé dáadáa jù. Tèmi ti dáa lójú ẹ̀ láì tíì ṣí i. Ó tù mí nínú, mi ò ní parọ́.

Òfin gan-an ò fẹnu kò. Yúróòpù ní kí kòkó inú ṣokoléètì onímílíìkì tó 25% ó kéré tán, wọ́n gba 20% lọ́wọ́ Brìtéènì nígbà tó ṣì wà láàárín wọn, Amẹ́ríkà ò bèèrè ju 10% lọ, kálukú pẹ̀lú bó ṣe ń ṣírò ẹ̀. Spéìn àti Ítálì tiẹ̀ ní kí wọ́n máa pe èyí tí Brìtéènì fi ọ̀rá míì tí kì í ṣe ti kòkó lú ní arọ́pò ṣokoléètì, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ló dá wọn lẹ́kun ní 2003. Arọ́pò! Ohun tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún láti kékeré, kí aládùúgbò wá ní kì í ṣe òun. Arọ́pò àti "ti ọmọdé", ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹni tó dàgbà sí Faransé yẹn fún mi ní díẹ̀ nínú tiẹ̀ ká tó túká. Mo ṣẹ́ ẹ nísinsìnyí, ó dún pá, ojú ibi tó ti kán mọ́ tónítóní. Mo fi í sórí ahọ́n, mi ò rún un. Ó korò débi pé mo fẹ́ tutọ́. Bọ́tà kòkó, ìyẹn ọ̀rá inú kòkó, máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 34°C, ẹnu sì gbóná jùyẹn lọ díẹ̀, ni mo bá dúró dè é, ìkorò yẹn wá fà sẹ́yìn, nǹkan kan bí èso tó pọ́n jù yọ lábẹ́ ẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu mi. Ó dáa. Inú ń bí mi pé ó dáa.

Síbẹ̀ tèmi ni mo fẹ́. Mo ti jẹ méjì láti ìgbà tí mo ti ń kọ èyí, mo sì ń fi èékánná tẹ́ bébà ẹ̀ títí ó fi ń dán. Màmá mi máa ń pín ẹyọ kan sí mẹ́rin fún wa, wọ́n á fún mi ní bébà góòlù ẹ̀ torí èmi ni àbíkẹ́yìn, mo máa ń kó o sáàárín ìwé...