Ilé Olódi Osu: Ta Ló Yẹ Kó Sùn Níbẹ̀?

Accra, ọjọ́ Sátidé

Lónìí ni mo ráyè dé ilé olódi tó wà ní Osu, èyí tí wọ́n ń pè ní Christiansborg, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba Ghánà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí i lókèèrè, funfun báláú létí òkun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún Alhaja onílé mi pé ibẹ̀ ni mò ń lọ, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Láyé Rawlings tó jẹ́ olórí Ghánà, bó o bá gba ọ̀nà yẹn tó o ń wo ọ̀tún wo òsì, sójà á bi ọ́ léèrè ẹni tó bí ọ.” Ọmọ Ìníṣà ni wọ́n, Accra ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò sì wọ ibẹ̀ rí. Mo ní, “Mà, wọ́n ti ń jẹ́ kí aráàlú wọlé báyìí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ra ẹja bọ̀.

Àwọn òyìnbó Denmark ló kọ́ ọ. Ní 1661 ni wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Okaikoi, ọba àwọn Ga, wọ́n sì fi orúkọ ọba tiwọn sọ ilé. Wúrà àti eyín erin ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tó yá, èèyàn di ọjà. Wọ́n á kó ẹrú sísàlẹ̀, gómìnà á máa jẹun lókè, títí ọkọ̀ á fi dé tí yóò kó wọn lọ sí àwọn erékùṣù Denmark ní Caribbean, kí wọ́n lọ máa gé ìrèké. Yàrá ìsàlẹ̀ tí mo wọ̀, ihò tí atẹ́gùn ń gbà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, òkè téńté ló sì wà, ojú ẹnikẹ́ni ò lè tó o. Mo gbọ́wọ́ lé ògiri. Ó tutù, ó sì ń rin. Ní 1792 ni ọba Denmark ṣòfin pé òwò ẹrú yóò dópin, ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn oníṣòwò láyè títí di 1803, kí wọ́n lè kó tó èyí tí yóò tó wọn. Òfin aláàánú!

Ìtàn Asameni ló dùn mọ́ mi jù. Ará ilẹ̀ ọba Akwamu ni, ó ti bá àwọn òyìnbó náà ṣiṣẹ́ rí, ó mọ ìwà wọn, ó mọ kọ̀rọ̀ ilé wọn. Ní 1693, ó kó nǹkan bí 80 ọkùnrin wá, ó ní oníṣòwò ni wọ́n, ìbọn ni wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọta wà lábẹ́ aṣọ àwọn oníbàárà! Kò pẹ́, ilé ti bọ́ sọ́wọ́ Asameni. Ó wọ aṣọ gómìnà, ó ta àsíá tirẹ̀, ó ń bá orílẹ̀-èdè tó bá dé ṣòwò, ó sì ń yin àgbá kí àwọn ọkọ̀ òkun bí ẹni pé ẹ̀tù ò lè tán. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kó tó dá ilé padà fún wọn, àádọ́ta máàkì wúrà ni wọ́n sì san.

Ní 1850, Denmark ta ilé náà pẹ̀lú àwọn ilé olódi rẹ̀ yòókù ní etíkun náà fún Gẹ̀ẹ́sì, £10,000 ni gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ ríri wó apá òkè ní 1862, wọ́n tún un kọ́, àwọn gómìnà Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di ibùjókòó wọn. Ibẹ̀ ni àwọn sójà tó ti lọ sógun, irú àwọn bàbá wa tó lọ sí Bọ́má, ń mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, torí owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn tí wọn ò rí. Wọn ò débẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìnbọn ní oríta, mẹ́ta nínú wọn, Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey, kú. Ìlú dàrú, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Ghánà gbòmìnira.

Kí ló wá dé tí àwọn olórí aláwọ̀ dúdú náà fi kó wọ ilé yìí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀san ni: kí ọmọ ẹrú jókòó sórí àga ẹni tó ta bàbá rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí. Nígbà tí mo gòkè, mo rí ìdí kan tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Ògiri nípọn, òkun wà lẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ò pọ̀. Nílùú tí sójà ti gbàjọba ní 1966, ní 1972, ní 1979 àti ní 1981, ta ni ò ní fẹ́ sùn síbẹ̀? Àgbá kọjú sí òkun, bẹ́ẹ̀ inú ìlú ni ewu ti ń wá.

Ààrẹ Kufuor kò sùn níbẹ̀, ilé ara rẹ̀ ló ń gbé, ilé olódi náà ló kàn ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló yáwó lọ́wọ́ Íńdíà láti kọ́ Jubilee House, ilé ìjọba tuntun, tí wọ́n ṣe bí àpótí ìjókòó ọba Ashanti. Ariwo owó náà pọ̀. Ààrẹ Mills tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ ò kó lọ síbẹ̀, Osu ló wà títí ó fi kú ní 2012. Ìtòsí ilé olódi yẹn náà ni wọ́n sin ín sí. Ààrẹ Mahama tó tẹ̀ lé e ló kó ọ́fíìsì jáde ní 2013. Lójú tèmi, owó náà tó bẹ́ẹ̀, ì bá tiẹ̀ ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba tí aráàlú gbọ́dọ̀ gba orí ẹ̀wọ̀n ẹrú kọjá kó tó rí i, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀?

Ohun tó kù tí mo fẹ́ rí ni kọ́kọ́rọ́. Asameni gbowó, ó dá ilé padà, ṣùgbọ́n kò dá kọ́kọ́rọ́ padà. Akwamufie, ìlú ọba àwọn Akwamu, ló wà títí dòní, nínú ìṣúra ọba wọn. Mo fẹ́ lọ síbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ẹni tó bá ti dé ọ̀hún rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí èèyàn ṣe ń tọrọ àyè láàfin fún mi, àti ohun tó yẹ kí n mú dání.