Ọdún Tí Ọmọ Odó Kúrò Lọ́wọ́ Àbẹ̀ní

Ní ilé wa ní Iléṣà, oṣù kẹsàn-án ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni ilé-ìwé ń wọlé, tí à ń ra ìwé àti bàtà, tí oníkálukú sì ń mọ kíláàsì tí ó bọ́ sí. Ọdún tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó sì parí nígbà tí oṣù kẹsàn-án mìíràn dé. Àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi ìwé-ẹ̀rí àti fọ́tò ọjọ́ ìbí mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n lójú tèmi iṣẹ́ ilé ni kì í parọ́: ẹ wo ẹni tí iṣẹ́ kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ẹni tí ó gbà á.

Oríkì ni n óò fi máa pe àwọn ọmọ níhìn-ín, kí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní ilé-ìwé má baà di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Àbẹ̀ní ni àkọ́bí, Àkànní tẹ̀lé e, Àyìnkẹ́ ni ẹ̀kẹta, Àjàní sì ni àbígbẹ̀yìn, ẹni tí a bí ní ìparí oṣù kẹjọ 2024, nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti rò pé a ti kúrò nídìí ọmọ bíbí.

Àjàní kò tíì pé oṣù kan láyé tí Ọwá Obòkun, Ọba Gabriel Adékúnlé Arómọ́láran, fi wàjà. Láti ọdún 1982 ni kábíyèsí ti wà lórí ìtẹ́, débi pé èmi tí mo ti di baba ọlọ́mọ mẹ́rin kò mọ Ọwá mìíràn rí. Nígbà tí Àyìnkẹ́ bi mí pé ta ni yóò wá jẹ́ Ọwá báyìí, èsì kò yá mi lẹ́nu. Ìyá mi ni ó fà á mọ́ra tí ó ka orúkọ àwọn tí ó ti jẹ ṣáájú fún un. Kí ọdún náà tó parí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sí yíyan Ọba Clement Adéṣuyì Haastrup, Àjímọ́kọ̀ Kẹta.

Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, wá láti Òkèsà kí ó lè bá wa wẹ ọmọ. Ó wẹ ọmọ tán, a kò sì jẹ́ kí ó padà mọ́, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní odó òun gbọ́dọ̀ bá òun wá. Ìyàwó mi ní a ti ní odó. Yèyé wo odó wa, ó ní èyí tí a fi ń gún ata nìyẹn. Bí odó ńlá náà ṣe wọ ilé wa nìyẹn, tí èmi àti ọlọ́kadà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí bí yóò ṣe gbé e.

Ẹni tí ó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iyán kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àwa sì kì í fẹ́ dé ìdí oògùn ní ọjọ́ Ìsinmi. Àbẹ̀ní ni ó ń gún un láti ìgbà tí apá rẹ̀ ti ká ọmọ odó. Yèyé a jókòó sórí àpótí, a máa wò ó bí ó ṣe ń fọ́ isu lẹ́yọ lẹ́yọ títí yóò fi kúnná kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un gan-an, bí ó ṣe ń ṣa kókó kúrò, àti bí ó ṣe ń ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i nígbà tí iyán bá le. Àríwísí Yèyé kò pọ̀, èyí tí ó jẹ́ oríyìn ńlá láti ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Àbẹ̀ní lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò JAMB ní oṣù kẹrin 2024, ó gba ju 200 tí yunifásítì náà ń béèrè lọ, ó sì tún ṣe ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn, lẹ́yìn èyí tí a dúró de orúkọ rẹ̀ títí ó fi dà bíi pé wọ́n ti gbàgbé wa. Ìyàwó mi dá a lábàá pé kí a gba owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Mo ní kí a fi í sílẹ̀ de ọdún tí ọwọ́ bá há jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Iléṣà sí Ifẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹrù tí a dì, mátírẹ́ẹ̀sì, sítóòfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, gàrí àti èlùbọ́, ẹ ó rò pé ọmọ náà ń sọdá òkun. Kí a tó kọjá Ọ̀ṣú ni ó ti sùn.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e ni a tó mọ ohun tí ó lọ. Isu ti jinná, kò sì sí ẹni tí ó dìde. Ìyàwó mi ń fún ọmọ lọ́mú, Yèyé kò lè dúró pẹ́, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́dọ̀ mi. Àkànní, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni ó fa ọmọ odó yọ láìsọ̀rọ̀. Iyán ọjọ́ náà ní kókó bíi kí a kà wọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. A jẹ ẹ́. Nígbà tí oṣù karùn-ún fi máa dé, Yèyé ti dákẹ́ lórí tirẹ̀ náà.

Ọmọkùnrin yìí ni ọdún náà yí padà jù. Ohùn rẹ̀ ki, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ sì kúrú kí á tó san owó èyí tí a rà kẹ́yìn tán. Ó ṣe ìdánwò ìparí JSS 3, ó sì yan sáyẹ́ǹsì. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ dára fún iṣẹ́ ọnà ju sáyẹ́ǹsì lọ, mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá àti omi kànga ti di tirẹ̀ pátápátá, nítorí náà ìgbálẹ̀ àgbàlá bọ́ sọ́wọ́ Àyìnkẹ́.

Àyìnkẹ́ ká eyín ní ọdún yìí. Ó mọ̀ láti ilé-ìwé pé ogún ni eyín ọmọdé àti pé ọgbọ̀n lé méjì ni ti àgbà, ẹ̀rù sì ń bà á pé ibo ni ìyókù yóò ti wá. Yèyé ní kí ó ju eyín tí ó ká sórí òrùlé, kí alángbá má sì rí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òmíràn kò ní í hù. Ó jù ú. Páànù wa dà gẹ̀ẹ́rẹ́, eyín yí gbirigbiri padà wálẹ̀. Ó tún un jù, ó tún yí wálẹ̀, alángbá kan sì wà lórí ògiri tí ó ń mi orí. Ẹkún ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Eyín tuntun ti hù báyìí, ó kàn wọ́ díẹ̀ ni. Yèyé ní alángbá náà ló fà á.

Ní ti Àjàní, ó gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bí ó ti yẹ, ti oṣù kẹsàn-án tí í ṣe ti èéyí àti ibà pọ́njúpọ́njú ni ó sì pariwo lé lórí jù. Etí odó Yèyé ni ó dì mú tí ó fi kọ́kọ́ dìde dúró, ibẹ̀ náà ni ó sì ti gbẹ́sẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún kan. Ó ń pe iyán ní “uyán” bí Yèyé ṣe ń pè é, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ tún un ṣe.

Àbẹ̀ní wálé ní ìsinmi pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àti èrò tuntun lórí ohun gbogbo. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó dìde, ó na ọwọ́ sí ọmọ odó, Àkànní kò sì fi í sílẹ̀. “Ẹ jókòó, Àǹtí mi,” ni ó wí, “ẹ̀yin ti di àlejò.” Àbẹ̀ní rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì jẹun díẹ̀ ju bí ó ti máa ń jẹ lọ.

Ìyàwó mi ti ń ṣírò rẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Àkànní náà yóò lọ, Àyìnkẹ́ kò sì ní í tíì tó ẹni tí ń gún iyán. Ó ti béèrè iye tí ẹ̀rọ ìgúnyán jẹ́ ní ọjà Atákúnmọ̀sà. Yèyé ní ẹ̀rọ kì í gún isu, ó ń lọ̀ ọ́ ni, àti pé bí wọ́n bá gbé e wọlé, òun yóò máa jẹ ẹ̀kọ. Wọ́n ti ní kí n dá sí i. Mo ṣì ń wá ọ̀nà tí n kò fi ní í dá sí i.