Ó mọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló yẹ kó ṣe?

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka òfin ní South Africa, ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Kruger v Coetzee, ọdún 1966. Gbogbo ìwé delict, ìyẹn òfin tó ń sọ ìgbà tí ẹni tó kó ẹlòmíràn sí òfò gbọ́dọ̀ sanwó fún un, ló ń tọ́ka sí i, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ ẹni tó jàre.

Ẹṣin ọkùnrin kan jáde sí títì, ọkọ̀ ẹlòmíràn kọ lù ú, ọkọ̀ bàjẹ́. Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn ẹni tó ni ẹṣin náà, mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba orí ilẹ̀ òun kọjá kì í ti géètì. Ó tilẹ̀ ti fi ẹjọ́ wọn sùn. Ọkàn èèyàn á ti sáré: ó kúkú mọ̀, kó sanwó!

Ìbéèrè mẹ́ta ni Adájọ́ Holmes ní tirẹ̀ béèrè láti mọ̀ bóyá àìbìkítà wà. Ṣé olóye tó ń ṣọ́ra ì bá ti rí i pé ìwà òun lè kó ẹlòmíràn sí òfò? Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá gbé ìgbésẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání láti dènà rẹ̀? Ṣé olùjẹ́jọ́ kùnà láti gbé e? Ìkejì ni ẹjọ́ náà ti dojú dé. Olùpẹjọ́ kò mú ẹ̀rí wá nípa ohun tí ẹlẹ́ṣin tún lè ṣe lẹ́yìn ẹjọ́ tó fi sùn. Ṣé kó fi ọlọ́dẹ sídìí géètì ni? Èló ni yóò ná an? Ẹnikẹ́ni kò sọ. Ẹlẹ́ṣin ló jàre ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Láti ìgbà tí mo ti ka ẹjọ́ yìí, bí oníbàárà bá ti ń rojọ́ fún mi ni mo ti ń wá ìgbésẹ̀ yẹn: kí ni, èló ni, ta ló lè jẹ́rìí sí i? Ẹ̀rí àgbẹ̀ kan tó mọ owó tí wọ́n ń fi ṣe ọgbà ẹran lè wúlò ju ogún ẹjọ́ àtijọ́ tí ẹ tọ́ka sí lọ. Ẹ wá a kí ẹ tó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ rárá.

Ẹ má sì da àìbìkítà pọ̀ mọ́ wrongfulness o, ìyẹn ìbéèrè bóyá ó tọ́ kí òfin ní kí èèyàn san owó òfò náà. Ní Scotland, duty of care, ìyẹn ojúṣe láti ṣọ́ra kí a má baà pa ẹlòmíràn lára, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà ẹjọ́ Donoghue v Stevenson ní 1932. Ní South Africa, wrongfulness dá dúró: kóòtù lè gbà pé ẹnì kan kò ṣọ́ra, kó sì tún sọ pé òfin kò ní kó san owó náà. Ẹ fún un ní ìpínrọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé yín.