Ewúrẹ́ tí wọ́n pè mí lọ́jọ́ ìbí mi

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, oúnjẹ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń lo WhatsApp nítorí oníbàárà àti nítorí ọmọ, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Sátidé tó kọjá ni mo pé ọdún 55. Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan wà tí mo kọ́ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dún tó kọjá. Òun ló kọ́kọ́ gbé fọ́tò mi sí gúrúùpù àwa aránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "HBD ma. LLNP. My madam, the GOAT." Ó wá fi àwòrán ewúrẹ́ kan tì í.

HBD yé mi, ìkíni ọjọ́ ìbí ni. LLNP náà yé mi, ẹ̀mí gígùn àti aásìkí ni, gbogbo wa la ń kọ ọ́. Ewúrẹ́ ọ̀hún ni mo rò pé ó yé mi jù. Ọmọ Yorùbá ni wá. Ẹni tí a lé tí kò lọ, tó tún padà wá na ẹnu sí èlùbọ́ tí a sá, òun là ń pè ní ewúrẹ́.

Mo pè é. Kò tíì kí mi tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé èmi tí mo yá a ní máṣíìnì mi nígbà tí òbí rẹ̀ kò rówó ra tirẹ̀ ni ewúrẹ́? Ó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ ná mà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mà." Mi ò gbọ́. Mo pa fóònù, mo sì kọ ọ́ sí gúrúùpù pé kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, ìyá rẹ̀ dé. Obìnrin yẹn jù mí lọ. Iṣu ló ń tà ní Bódìjà, ó sì pa ìsọ̀ rẹ̀ tì wá. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín àjákù aṣọ. "Ìyá Ìbejì, ẹ dákun. Mi ò mọ ohun tó fi ṣe yín. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ foríjì í." Mo ń wò ó. Mi ò ní kó dìde. Ọkàn mi sọ fún mi pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tí Kẹ́hìndé mi fi wọlé, tó gba fóònù, tó kà á. Ó wo ìyá náà, ó wò mí. "Mọ́mì, ìkékúrú ni GOAT yẹn, Greatest Of All Time ni. Ó ní kò sí irú yín rí." Ìyá náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbójú sókè, ó bi Kẹ́hìndé pé, "Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo gbé e dìde, mo ní ó ti tán. Mo pe ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí a béèrè. Kì í ṣe lọ́wọ́ aládùúgbò o, lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ gan-an: "Ọmọ mi, kí ni ìtumọ̀ èyí?" Bí mo bá ti béèrè ni, kò sí ẹni tí ìbá kúnlẹ̀ fún mi.

Ẹ má sọ pé àìkàwé ló fà á. Mo kàwé mẹ́wàá. David Cameron tó ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti fi LOL parí àtẹ̀jíṣẹ́ rí, tó rò pé ọ̀pọ̀ ìfẹ́ ni, títí wọ́n fi sọ fún un pé ẹ̀rín ni. Níwájú ìgbìmọ̀ Leveson, tó ń wádìí ìwà àwọn oníwèé ìròyìn níbẹ̀ lọ́dún 2012, ni Rebekah Brooks, olóòtú ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀ tí Cameron ń kọ ọ́ sí, ti sọ ọ́.

Bí ẹ bá rí lẹ́tà ńlá tó tò tẹ̀ léra, ẹ fura pé ìkékúrú ni. Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ló máa ń pe ara rẹ̀ ní The Greatest, ẹni tó ju gbogbo èèyàn lọ. Lọ́dún 1992 ìyàwó rẹ̀, Lonnie, dá ilé-iṣẹ́ G.O.A.T. sílẹ̀ ní orúkọ yẹn. Àwọn tó ń jà lórí Messi àti Ronaldo náà wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Àwòrán ojú tó ń da omi tẹ́ ẹ ń fi sábẹ́ ìkéde òkú lórí WhatsApp náà ńkọ́? Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rín ló ń rín. Ẹ béèrè o, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sí wa, ẹ kọ ọ́ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò jẹ̀bi, èmi ni mi ò béèrè.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni ìyá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo dárí ji ọmọ òun. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.