Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí HLA: ẹ tètè béèrè nípa oyún

Crossmatch (àyẹ̀wò bóyá ara aláìsàn máa bá kíndìnrín olùtọrẹ jà) tó di positive, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ máa bá a jà, lálẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló mú kí n kọ èyí, inú mi ò sì tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí kíndìnrín mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkọ fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní kíndìnrín kan. Ẹ̀jẹ̀ O ni àwọn méjèèjì, ara ọkọ le koko, dókítà ti dá ọjọ́. Láàbù wá da síírọ́ọ̀mù ìyàwó (omi inú ẹ̀jẹ̀, níbi tí áńtíbọ́dì, ohun ìjà ara, wà) pọ̀ mọ́ lymphocyte ọkọ (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan), wọ́n fi complement sí i (purotéènì tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí áńtíbọ́dì bá lẹ̀ mọ́), wọ́n sì kán aró sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í jẹ́ kí aró wọlé. Èyí tó ti kú ló ń gbà á. Ẹ gbójú sí máíkírósíkóòpù: gbogbo wọn ló ti gba aró, áńtíbọ́dì ìyàwó ti bá wọn jà. Tí wọ́n bá gbé irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ sí i lára, ó lè dúdú lójú àwọn oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí mélòó kan, kí wọ́n sì yọ ọ́ padà.

Oyún ló fà á. Ọmọ inú ń gbé HLA bàbá rẹ̀, ìyẹn purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, pàápàá nígbà ìbímọ, ara ìyá sì lè ṣe áńtíbọ́dì sí i. Kì í dun ìyá, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an ni áńtíbọ́dì náà máa wá dá mọ̀.

HLA kò wà lára sẹ́ẹ̀lì torí ká má baà rí kíndìnrín gbà o. HLA-A, B àti C wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ní núkílíọ́ọ̀sì. Sẹ́ẹ̀lì á gé purotéènì inú ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, ègé kan tó jẹ́ ámínò ásíìdì 8 sí 10 á jókòó sínú kòtò orí HLA, á sì gbé e síta bí oníṣòwò ṣe ń pàtẹ. Sẹ́ẹ̀lì T (ẹ̀ṣọ́ ara) tó ní àmì CD8 ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rí ègé fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀, á pa sẹ́ẹ̀lì náà. HLA-DR, DQ àti DP ní tiwọn wà lára sẹ́ẹ̀lì B, macrophage àti dendritic cell, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ara míràn. Ohun tí wọ́n gbé mì láti ìta ni wọ́n ń fi han sẹ́ẹ̀lì T tó ní àmì CD4, ègé tiwọn sì gùn díẹ̀, nǹkan bíi 13 sí 25.

Inú kòtò yẹn gan-an ni ìyàtọ̀ àárín èèyàn pọ̀ sí jù. Ẹ wo oríṣi HLA-A méjì, A*02:01 àti A*02:05: A2 ni wọ́n ń pe méjèèjì, purotéènì wọn ò sì rí bákan náà. Tí ẹ bá rí N ní ìparí orúkọ, HLA yẹn kì í yọjú síta sẹ́ẹ̀lì. Ẹ má kà á mọ́ èyí tó bára mu.

Orí kúrómósómù 6 ni gbogbo wọn wà, odidi ìdì kan lọ́dọ̀ bàbá, ìkan lọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá méjì lè bára mu pátápátá (25%), kó jẹ́ ìdajì (50%), tàbí kí wọ́n má bára mu rárá (25%). Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé bàbá wọn yàtọ̀. Ẹ fi ìyá sílẹ̀.

Ní ti tíúbù: tíúbù EDTA ni kí ẹ fi gba ẹ̀jẹ̀ fún DNA, torí heparin (òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) máa ń da PCR, ọ̀nà tí láàbù fi ń sọ DNA di púpọ̀, rú. Lymphocyte tí a ó fi ṣe crossmatch gbọ́dọ̀ wà láàyè, nítorí náà ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Ẹni tó ti gba mùdùnmúdùn eegun rí, HLA olùtọrẹ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa sọ. Tí aláìsàn bá ti gba rituximab (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì B), ẹ sọ fún láàbù, torí crossmatch sẹ́ẹ̀lì B lè di positive lásán.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa oyún ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má béèrè pé "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ẹ béèrè pé "Oyún mélòó lẹ ti ní, pẹ̀lú èyí tó bàjẹ́?" Ẹ bi í ní kọ̀rọ̀, kí ọkọ má sí níbẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹ̀jẹ̀ tó ti gbà sára àti kíndìnrín tó ti gbà rí. Áńtíbọ́dì lè lọ sílẹ̀ débi tí àyẹ̀wò ò ní rí i, síbẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì tó rántí ṣì wà níbẹ̀. Ìtàn oyún ló máa tú u fó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé láàbù ló pẹ́, síírọ́ọ̀mù tuntun ni crossmatch ìkẹyìn ń fẹ́, kò lè ṣáájú bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ni kò tètè wáyé.

Ọ̀nà àbáyọ wà: kí tọkọtaya náà ṣe pàṣípààrọ̀ olùtọrẹ pẹ̀lú tọkọtaya míràn tó wà nírú ipò wọn, tàbí kí wọ́n fọ áńtíbọ́dì kúrò lára ìyàwó kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Tó bá gba ẹ̀jẹ̀ sára láàárín kan, ẹ tún gba síírọ́ọ̀mù míràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2.