Ọkàn Mi Ló Kọ́kọ́ Rẹ̀

N kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré ìje tí mo fẹ́ sá. Ìlú tí mo wọkọ̀ lọ kì í ṣe ìlú mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dìde lórí ibùsùn àlejò láti wò ó bóyá nọ́ńbà tí mo fi píìnì há mọ́ aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Ìdajì máràtọ́ọ̀nù ni: kìlómítà 21.0975. Èyí tó jìn jù tí mo tíì sá rí jẹ́ 16. Kìlómítà márùn-ún tó kù yẹn ni mo fi gbogbo òru rò.

Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ, èrò tú jáde, èmi náà sì bá wọn tú jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ ni mo ti pinnu fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò pé mẹ́fà tí mo fi parí àkọ́kọ́. Inú dídùn ni. Ó máa ń bo ara mọ́lẹ̀ títí ara ò fi ní lè sọ tẹnu ẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kìlómítà mẹ́wàá sì kọjá láìsí wàhálà.

Ní ìkẹtàlá, èrò ti fọ́n ká, ọ̀nà sì nà tarara níwájú. Ibẹ̀ ni ohùn kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú mi: “O ti gbìyànjú. Dúró, kó o sinmi.” Kò bú mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú mi ló ń ṣe é. Mo mọ bí mo ṣe ń dá ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú mi lóhùn, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń kẹ́dùn mi?

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ South Africa kan, Tim Noakes, ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ọpọlọ máa ń fa ara níjàánu kí agbára tó tán pátápátá, kí ara má baà bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kàn fi yẹ ara mi wò lórí ìrìn ni: mímí ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Àtẹ́lẹsẹ̀ ńkọ́? Ká ní ibì kan ń gún mi bí abẹ́rẹ́ ni, mi ò bá dúró lójú ẹsẹ̀, torí ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ọkàn borí. Kò síbi tó ń gún mi. Ó rẹ̀ mí ni, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mo bá ohùn náà ṣàdéhùn: tí mo bá dé òpó iná yẹn, màá dúró. Mo dé ibẹ̀, mo tún mú òpó mìíràn. Bí mo ṣe kọjá 16 nìyẹn, tó jẹ́ pé gbogbo ìṣísẹ̀ tí mo gbé lẹ́yìn rẹ̀, n kò gbé e rí. Níbi tí wọ́n ti ń pín omi, mo rìn, èmi tí mo ti búra pé n kò ní rìn. Ìyá àgbàlagbà kan ń kọjá, ó ní: “Ọmọ mi, má wo òkèèrè. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà ni kó o máa wò.”

“Ẹ ṣé, mà.” Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Kìlómítà kọkàndínlógún ló le jù. Òpó iná ò tó mọ́. Mo ń ka èémí láti ení dé ọgọ́rùn-ún, mo ń gbàgbé iye tí mo kà dé, mo sì ń padà sí ení. Lẹ́yìn náà ni mo yà ní kọ́nà kan, mo rí ìlà ìparí, ẹsẹ̀ tó ní òun ò lè mọ́ sì ki eré mọ́lẹ̀. Ibo ló tọ́jú agbára yẹn sí láti àárọ̀? Omi bọ́ lójú mi kí n tó débẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún.

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà, mo gbé mẹ́dàlì tí wọ́n fún mi sórí itan, mo ń retí kí ohùn yẹn sọ nǹkan. Kò fọhùn. Kí ọkọ̀ tó jáde nílùú, mo ti sùn lọ.