Ìwé Ìtàn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Kíláàsì Ọmọ Kékeré: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ olùkọ́ ọmọ kékeré, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ká mi lára jù. Ìwé ìtàn tó ń sọ̀rọ̀, tí àwòrán rẹ̀ ń rìn, tí ọmọ ń fọwọ́ kàn tí nǹkan sì ń ṣẹlẹ̀, ìwé náà ni. Ó ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò bá ọmọ kà á. Bí tíṣà bá tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tó wá padà sídìí tábìlì rẹ̀ lọ máa máàkì ìwé, kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọ kan lẹ́yìn náà, ẹ ní kó sọ ìtàn ọ̀hún fún yín. Á fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí labalábá fi ń fò hàn yín. Ta ló sọnù nínú ìtàn, kí ló gbé e sọnù, ta ló wá a rí? Kò ní lè sọ ọ́.

Iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ kankan tó fojú kan ìwé náà. Ẹ jókòó tì í ní ẹ̀yin nìkan, ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ sì tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ìtàn ọmọ ewúrẹ́ kan ni, tó ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Ní ojú-ìwé kẹta, bí ọmọdé bá fọwọ́ kan ìkùukùu, òjò á bẹ̀rẹ̀, ọmọ ewúrẹ́ á sì sá sábẹ́ igi. Ìtàn nìyẹn, ọwọ́ ọmọ ló tì í síwájú. Ní igun ojú-ìwé yẹn kan náà, labalábá kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa jó, orin á sì ta. Kí ló pa labalábá oníjó àti ọmọ ewúrẹ́ tí kò rí ìyá rẹ̀ pọ̀? Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, bí a bá yọ nǹkan yìí kúrò, ǹjẹ́ ìtàn á dín? Bí kò bá ní dín, ìdíwọ́ ni, bó ti wù kó dára lójú tó.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, Zsofia Takacs, Elise Swart àti Adriana Bus kó ìwádìí 43 jọ lórí ìwé ìtàn orí ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe é lé ní 2,000. Wọ́n rí i pé àwòrán tó ń rìn àti ìró tó bá ìtàn mu máa ń jẹ́ kí ìtàn yé ọmọ, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sí i. Eré àti àwọn ibi títẹ̀ tí wọ́n fọ́n káàkiri ojú-ìwé ló ń fa ọkàn ọmọ kúrò nínú ìtàn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ohùn bá ń sọ pé òjò ń rọ̀, tí ọmọ sì ń rí i pé òjò ń rọ̀, etí àti ojú ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bó bá wá fi ìtàn sílẹ̀ lọ lépa labalábá, àfi kó tún padà wá ibi tó bá ìtàn dé, ọkàn ọmọ ọdún mẹ́rin kò sì tíì lè gbé ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí áàpù tó ń fi igba nǹkan títẹ̀ polówó ara rẹ̀ gbà yín lọ́kàn. Mo fẹ́ ìwé tí mo lè pa ohùn rẹ̀, tí ojú-ìwé rẹ̀ kì í ṣí fúnra rẹ̀, tí nǹkan tó ṣeé tẹ̀ nínú rẹ̀ kò pọ̀.

Nínú kíláàsì, a kì í fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ á wà lórí itan, etí á wà nílẹ̀, a ó gbọ́ ìtàn láti orí dé ìdí. Ìgbà kejì ni ọwọ́ ń wọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo máa ń pa ohùn inú ẹ̀rọ, kí n fi ohùn ara mi kà á. Ohùn ẹ̀rọ lè dùn ju tèmi lọ, àmọ́ kò mọ̀ pé ọmọ kan ti la ẹnu tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì lè dúró dè é.

Ibi ìdúró yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1988. Wọ́n kọ́ àwọn òbí kan bí wọn ó ṣe máa bi ọmọ ní ìbéèrè tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n sì máa fi kún ohun tí ọmọ bá sọ. Láàárín oṣù kan péré, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ju ti àwọn tí wọ́n kàn ń kàwé fún lọ. Ìwé bébà ni wọ́n fi ṣe é nígbà náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní ojú-ìwé kẹta yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìkùukùu, mo máa ń béèrè pé, "Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ kan á ní, "Òjò."

"Òjò máa rọ̀. Ṣé òjò ńlá ni, àbí òjò wínníwínní?"

"Òjò tó ń pariwo."

"Òjò ńlá tó ń pariwo máa rọ̀. Kí wá ni ọmọ ewúrẹ́ máa ṣe?"

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí máa ń ni olùkọ́ tuntun lára, ó máa ń ṣe é bíi kó dáhùn fún wọn. Ẹ mú un mọ́ra. Inú rẹ̀ ni ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ti máa ń sọ pé, "Ẹ̀rù máa bà á." Ìgbà yẹn ni mo tó ń pe ẹni tó máa tẹ ìkùukùu. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ fún mi, mo sọ ọ́ di odindi gbólóhùn, mo dá a padà fún un, òun náà sì fi kún un. Bí ìka bá ṣáájú ọ̀rọ̀, òjò á rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ní ti ìwé kíkà gan-an, púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí máa ń fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ bí ohùn ti ń kà á lọ. Ó dára, àmọ́ ẹ má gbára lé e pátápátá. Nígbà tí Mary Ann Evans àti Jean Saint-Aubin fi ẹ̀rọ tọpa ojú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kàwé fún, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2005, àwòrán ni ojú wọn ń wò, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wo ohun tí a kọ. Ẹ̀yin lẹ máa mú ojú wọn wá síbẹ̀. Ẹ wá ìtàn tí gbólóhùn kan ń padà wá nínú rẹ̀, ẹ fi pírójẹ́kítọ̀ gbé e sára ògiri bí ẹ bá ní in, ẹ pa ohùn, ẹ máa fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ bá dé orí gbólóhùn yẹn, ẹ dúró, kí kíláàsì parí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà, ẹ má banú jẹ́. Mo yan ọmọ mẹ́rin yí ẹ̀rọ kan ká láàyò ju ọmọ mẹ́rin tí kálukú fi nǹkan di etí lọ, torí àwọn tó yí i ká á máa bá ara wọn jiyàn lórí ìtàn. Ẹ ṣáà pín iṣẹ́ fún wọn: ẹnìkan á ṣí ojú-ìwé, ẹnìkan á tẹ̀, ẹnìkan á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù á gba gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti kíláàsì kì í sábà rí ìwé tó bá a mu. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe wá lóore jù lọ nìyí. StoryWeaver, tí Pratham Books ní Íńdíà dá sílẹ̀ ní ọdún 2015, àti African Storybook, tí àjọ Saide ní South Africa ń ṣe, kún fún ìwé ọ̀fẹ́ ní oríṣiríṣi èdè, àṣẹ Creative Commons tó wà lórí wọn sì jẹ́ kí ẹ lè túmọ̀ wọn fúnra yín. Bí mo bá ka ìtàn fún ọmọ ní èdè ilé rẹ̀ lónìí, tí a wá kà á ní èdè kíláàsì lọ́la, ìtàn ti yé e tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ló kù tó máa kọ́.

Ẹ dáńlóòdù ìwé náà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, kí ẹ sì pa dátà, kí ìpolówó má baà já lu ìtàn. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má jókòó sídìí ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, ilé sì ń lò nínú wákàtí yẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó mi. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ á wọnú àpótí, ọmọ kan á di ọmọ ewúrẹ́, èkejì á di ìyá rẹ̀, ìyókù á máa fi ọwọ́ lu ilẹ̀ bí òjò. Nígbà tí ìtàn bá ti mọ́ wọn lára, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn. Kálukú á ya ojú-ìwé kan, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ẹ gba ohùn ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ohun tó yà. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá gbé e sí i kí wọ́n gbọ́ ọ, òmíràn nínú wọn á ní òun fẹ́ sọ tòun lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó gbọ́ pé òun kò sọ ibi tí ìyá ewúrẹ́ lọ. Ẹ gbà á sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì.